Alẹ́ Méjì Láìsí Ìròyìn, Lójú Ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá

Aláró ni mí. Ìsọ̀ mi wà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ̀yìn ilé wa ní Kẹ́mta sì ni mo ti ń rẹ aṣọ. Iṣẹ́ tí ìyá mi ṣe nìyẹn, òun náà bá a lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe oníròyìn, mi ò sì ṣe òṣèlú. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ń jẹun. Síbẹ̀, fún ọdún márùn-ún gbáko, ìròyìn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ láàárọ̀ kí n tó bọ́jú, òun náà ni mo sì ń gbọ́ kẹ́yìn kí oorun tó gbé mi lọ.

Àrùn Kòrónà ló dá a sílẹ̀. Ẹ ó rántí pé ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní òpin oṣù Kejì ọdún 2020, ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí ló wá ṣiṣẹ́ sí, ní Ewékorò. Ewékorò sí Abẹ́òkúta kò ju ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ mi ti kú ní 2019, èmi àti ọmọ mi obìnrin nìkan la wà nínú ilé. Nígbà tí ìjọba wá ní kí ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé, fóònù ló di ẹni tí mo ń bá ṣeré. Èèyàn mélòó ló kó o lónìí? Mélòó ló kú? Nígbà tó yá, àrùn lọ, ọwọ́ mi kò kúrò lára fóònù mọ́. Mo kúrò lórí Kòrónà, mo bọ́ sórí ìbò. Mo kúrò lórí ìbò, mo bọ́ sórí owó epo, mo tún bọ́ sórí àwọn ajínigbé. Ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́rìnlá ni mo wà: ti ìjọ, ti àwọn aláró, ti àwọn tá a jọ ka ìwé, ti ìdílé bàbá, ti ìdílé ìyá, ti àdúgbò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkòkò aró á wà níwájú mi, fóònù á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti fi ọ̀rá wé e kí aró má baà ta sí i. Bó bá ti dún báyìí, àyà mi á já.

Ó wá ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ aró mọ̀ pé aṣọ kì í dúdú nínú ìkòkò. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i níta ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Nítorí náà, à ń rì í bọ̀ ọ́ ni, à ń fà á jáde, à ń jẹ́ kó mí, a tún ń rì í. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ ojú àti sùúrù ni. Èmi á ti rì í bọ̀ ọ́ tán, màá gbé fóònù, ó di ìgbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ tán kí n tó rántí. Yáàdì mẹ́wàá gíní tí oníbàárà kan fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ra òmíràn fún un.

Ohun tó dá mi dúró gan-an ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹnì kan fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní àwọn ajínigbé ti dí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ dé ìdajì tí mo fi tari rẹ̀ sí ẹgbẹ́ ìdílé wa, nítorí àbúrò mi ọkùnrin wà lójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà. Màámi wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ẹni ọdún 76 ni, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n pe àbúrò mi, kò wọlé. Wọ́n tún un pè, kò wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ṣubú lulẹ̀ nínú yàrá wọn. Ọmọ aládùúgbò ló gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kí n tó sáré dé láti Ìtòkú.

Àbúrò mi dé ní aago méje alẹ́, búrẹ́dì méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná ló tán nínú fóònù rẹ̀. Kò rí ajínigbé kankan. Lóru ọjọ́ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màámi, mo wá gbọ́ ohùn yẹn dé ìparí. Ìparí rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ní òun kò rí owó wọkọ̀ padà sílé, torí pé owó tuntun kò sí ní báǹkì, àwọn onímọ́tò kò sì gba owó àtijọ́ mọ́. Owó tuntun! Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 mà nìyẹn. Ohun tó ti lé ní ọdún méjì ààbọ̀ ni mo gbé, tí mo jù lu ìyá mi láyà bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ọlọ́run ṣàánú, ara màámi yá. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọn kò bá mi wí, ìyẹn ló dùn mí jù.

Mojí ọmọ mi, tó wà ní yunifásítì ní Àlàbàtà, ló mú àbá wá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ pàgọ́ sọ́dọ̀ Bàbá lóko. Alẹ́ méjì péré. A ò ní gbọ́ ìròyìn kankan, ìràwọ̀ la ó máa wò." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àgọ́ tí wọ́n máa ń ká pọ̀ bí agboòrùn. Ó ti mú ọjọ́ pàápàá: 12 sí 14 oṣù Kejìlá. Ó ní ìràwọ̀ tó ń já máa ń pọ̀ lásìkò yẹn lọ́dọọdún, òṣùpá kò sì ní yọ títí òru á fi jìn, ojú ọ̀run á ṣókùnkùn dáadáa.

Ààbò ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà fi í sọ́kàn bí ẹ bá ń ronú àti ṣe irú rẹ̀. Ayé ti yàtọ̀ sí ìgbà èwe wa. A kò lọ sínú igbó. Bàbá tí Mojí ń wí, àbúrò màámi ni, ọdẹ sì ni wọ́n. Abúlé wọn wà lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, inú àgbàlá wọn gan-an, láàárín ilé àti oko ẹ̀gẹ́, la pàgọ́ sí. Wọ́n ti sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ abúlé kí a tó dé. Mo fún ọmọ tó ń bá mi tajà ní nọ́ńbà Bàbá, mo ní ohun tó bá kan ẹ̀mí nìkan ni kó tìtorí ẹ̀ pè. Ìgbà náà ni mo tó pa fóònù mi, Mojí pa tiẹ̀, a fi ìró kan wé méjèèjì, a tì wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpò.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò dùn, mi ò ní purọ́. Ọyẹ́ ti dé, eruku rẹ̀ bo ojú ọ̀run bí ìgbà tí wọ́n bá ń jọ láfún níta. Ìràwọ̀ tó hàn kò tó ogún. Lápá ìwọ̀ oòrùn, iná Abẹ́òkúta mú ojú ọ̀run pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń sungbó lọ́hùn-ún. A jẹ láfún àti ewédú pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Nígbà tí aago méje lù, Bàbá gbé rédíò kékeré wọn síwájú, èmi àti Mojí dìde kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìròyìn tán, wọ́n pa rédíò, wọ́n gbé e padà sórí fèrèsé. Ó tún di alẹ́ ọjọ́ kejì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò kàn kà á sí rí.

Mo sùn, mi ò lè sùn. Àtàǹpàkò mi ń rìn fúnra rẹ̀ lórí ẹní, bí ẹni tó ń yí ojú fóònù sókè. Kí ló ti ṣẹlẹ̀? Bí wọ́n bá ti pa ẹnì kan ńkọ́? Bí epo bá ti tún wọ́n ńkọ́? Ní nǹkan bí aago kan òru, mo rọra fa àpò sẹ́yìn àgọ́, mo ti ń tú ìró yẹn nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn, ìbọn wọn wà lórí itan.

"Àníkẹ́, ta ló pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí, Bàbá."

"Ẹni tí kò pè ọ́ lo fẹ́ lọ dá lóhùn yẹn."

Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wé e padà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Lọ́sàn-án, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, mo ní kí n kàn na ẹ̀yìn díẹ̀, wákàtí méjì gbáko ni mo sùn. Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti sùn lọ́sàn-án kẹ́yìn. Nígbà tí mo jí, atẹ́gùn ti yí padà, ó ń fẹ́ bọ̀ láti gúúsù, ó lọ́rinrin, eruku sì ti lọ sílẹ̀. Oòrùn wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ààbọ̀. Mojí ní kí ẹnikẹ́ni má tan iná funfun mọ́. Ó fi ọ̀rá pupa wé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní ojú máa ń fẹ́ tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mọ́ òkùnkùn lára tán, iná pupa kì í sì í bà á jẹ́ tó iná funfun. Bí èèyàn bá yọjú wo fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, ojú á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ó tó aago mẹ́jọ, mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí mo ti ń so adìrẹ. Adìrẹ oníko, ìko la fi ń so ó: a ó fa aṣọ funfun sókè díẹ̀, a ó fi ìko yí i ká, a ó so ó le dan-in, èyí tó kéré bí hóró ẹ̀wà, èyí tó tó ọsàn, kí a tó rì í bọ aró. Bí a bá tú u, ibi tí ìko ti dì á funfun, ibi yòókù á dúdú. Èyí tó ní ńlá kan roboto, tí kéékèèké wá yí i ká, là ń pè ní òṣùbàḿbà. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti so ó láyé mi, mi ò sì bi ara mi léèrè rí pé níbo ni àwọn ìyá wa ti rí i wò. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbójú sókè, mo rí ibi tí wọ́n ti rí i. Aró ọ̀run yẹn jinlẹ̀ ju èyíkéyìí tí mo tíì pò lọ. Funfun rẹ̀ kò sì tò bí tèmi. Èmi máa ń tò ó ní ìlà-ìlà, kí oníbàárà má baà ní mo ń ṣe wúruwùru. Tọ̀run ṣù jọ síbì kan bí ìgbà tí ìrẹsì bá dà lọ́wọ́ ọmọdé, ó ṣófo níbòmíràn, kò sí ibi tí mo wò tí mo rí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe.

Mojí nawọ́ sí ìlà oòrùn. Ìràwọ̀ mẹ́ta ń gòkè bọ̀ níbẹ̀, wọ́n wà lórí ara wọn bí ìgbà tí a bá to ìkòkò. Ó ní àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ sọ pé ọdẹ ni, Òríónì lorúkọ rẹ̀, mẹ́ta yẹn sì ni bẹ́líìtì rẹ̀.

"Ọdẹ wo ló ń dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?" Bàbá béèrè.

Mojí ní bó ṣe máa ń yọ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, torí pé a kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, àríwá àti gúúsù. Bó bá yọ, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń lélẹ̀, bí òru bá ti ń jìn ni yóò máa gòkè títí yóò fi dé àtàrí wa.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni," Bàbá wí. Inú wọn dùn sí i pé ọdẹ wà lókè. Wọn kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Lókè rẹ̀, ìdì kékeré kan wà tó dà bí èéfín. Bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, mo ń rí márùn-ún, Mojí rí mẹ́fà, Bàbá ní èéfín nìkan ni àwọn rí, ojú ti dàgbà. Ìmọ́lẹ̀ ìdì yẹn máa ń lo nǹkan bí ọdún 440 lójú ọ̀nà kó tó kàn wá. Ẹ wò ó, ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti wà lójú ọ̀nà fún bí igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí Abẹ́òkúta tó dúró.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ohun kan tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo wọn lọ yọ lẹ́yìn ọ̀pẹ. Bàbá ní, "Àgùàlà rèé o."

Mojí ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àgùàlà kì í yọ láàárín òru. Kì í jìnnà sóòrùn, àṣálẹ́ tàbí ìdájí la fi ń rí i. Lóṣù yìí ó ti sún mọ́ oòrùn jù, kò ṣeé rí rárá. Júpítà lèyí, ọ̀kan nínú àwọn ayé tó ń yí oòrùn ká, kì í ṣe ìràwọ̀."

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Òótọ́ lo sọ. Mi ò rí Àgùàlà láàárín òru rí. Ojú mi ti rí i tipẹ́, ọkàn mi ni kò rí i." Wọ́n wá pa òwe tí gbogbo wa mọ̀: Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Mojí pàtẹ́wọ́. Ó ní ohun tí wọ́n kọ́ àwọn nìyẹn gan-an, pé bí Àgùàlà bá tilẹ̀ sún mọ́ wa débi tó lè sún mọ́ wa mọ, ó ṣì jìnnà ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ojú wa níbí ló ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Mo ronú lórí òwe yẹn ju bí mo ti ronú lórí rẹ̀ rí lọ. Ohun tí fóònù ń ṣe fún mi nìyẹn láti ọdún márùn-ún: ó to àjálù orílẹ̀-èdè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìkómọjáde, ó to ohùn ọkùnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ní 2023 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn àjò àbúrò mi ní 2025, èmi sì ṣebí ajá rẹ̀ ni.

Ibi tí ọkàn mi ti rọ̀ pátápátá ni ìgbà tí Mojí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọjọ́ orí ìmọ́lẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀, ti oòrùn tó wà nítòsí ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó kàn wá. Ìràwọ̀ kan wà lábẹ́ ìdì tó dà bí èéfín yẹn, ó pọ́n díẹ̀, bí epo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Aldebaran lorúkọ rẹ̀. Mojí ní tirẹ̀ ń lo ọdún 65.

Bàbá ṣírò rẹ̀ lórí ìka. "Ọdún tí a gba òmìnira nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. 1960."

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Wọ́n fún wa ní àsíá kékeré níléèwé, a tò lọ sójú ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò níbẹ̀ lọ́dún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ojú mi lálẹ́ yìí?"

"Òun náà ni, Bàbá."

Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n ń wò ó.

Lẹ́yìn náà la wá kọjú sí èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ìràwọ̀ òru, lábẹ́ ọdẹ yẹn, Sirius, ó ń ṣẹ́jú búlúù, ó ń ṣẹ́jú funfun. Mojí ní èyí kò jìnnà, tirẹ̀ kò ju ọdún mẹ́jọ àti oṣù díẹ̀ lọ. Ó dúró. Èmi náà ti ṣírò rẹ̀. Ọdún 2017. Bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni Mojí, bàbá rẹ̀ ló ń fi ọ̀kadà gbé e lọ síléèwé láràárọ̀, á so báàgì rẹ̀ mọ́ iwájú, á ní kó di òun mú. Mojí wá fẹ̀gbẹ́ kan mi, ó gbé orí lé èjìká mi. A kò sọ̀rọ̀. Mi ò rò pé ọkọ mi wà nínú ìràwọ̀ yẹn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yẹn gbéra, ó wà láyé, ìmọ́lẹ̀ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo sunkún díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti sunkún lórí ohun tó jẹ́ tèmi. Látìgbà tí mo ti ń sunkún lórí ìròyìn, mi ò ráyè tiẹ̀ mọ́.

Ìròyìn tó ti pẹ́ ni gbogbo ohun tí mo wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ohùn tó gbé màámi dé ilé ìwòsàn ti jẹ́ ìròyìn tó ti pẹ́. Ti ìràwọ̀, mo béèrè pé ìgbà wo ló gbéra. Ti fóònù, mi ò béèrè.

Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀ ni mo rántí pé ìlú wa yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọdún 1859 ni, Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì CMS, ló dá a sílẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ ọ́: Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Wọ́n kọ́ wa ní iléèwé, a há a sórí, kò sí ohun tó jọ mí lójú nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tó wá jọ mí lójú ni pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde. Ọgọ́fà owó ẹyọ lèèyàn ó san, á ra ẹyọ kan, á kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé, wọ́n á jókòó lé e lórí, wọ́n á jiyàn, wọ́n á padà sóko, ó ku ọjọ́ púpọ̀ kí òmíràn tó dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jáde títí di 1867 tí rògbòdìyàn lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Kì í ṣe pé ayé wọn rọgbọ. Ogun wà nígbà náà, ìkónilẹ́rú wà. Àmọ́ bí ìròyìn bá dé, wọ́n ń ráyè dá a lóhùn kí òmíràn tó kanlẹ̀kùn.

Láti aago mẹ́wàá kọjá ni àwọn ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Èyí àkọ́kọ́ dà bí ẹni ṣáná sí ara ògiri, ó mọ́ fìrí, ó parẹ́. A kà á: mọ́kànlélọ́gbọ̀n títí di ọ̀gànjọ́. Ọ̀kan gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pariwo, ajá abúlé sì gbó mi. Mojí ní kì í ṣe ìràwọ̀ gan-an ló ń já. Òkúta ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Phaethon ló ń da eruku sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀ yí oòrùn ká, oṣù Kejìlá ọdọọdún ni ayé wa sì ń gba inú eruku náà kọjá. Púpọ̀ nínú wọn kò ju hóró iyanrìn lọ, eré tí wọ́n ń sá ló ń mú kí wọ́n gbiná lókè lọ́hùn-ún. Bàbá ti sùn lọ lórí àga, fìlà ṣì wà lórúnkún. Ìrì ti ń sẹ̀, mo fi ìró mi bò wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí mo tú ìró yẹn ni mo tó rí i pé èyí tí mo fi wé fóònù ni. Fóònù méjèèjì bọ́ sórí koríko. Mo kó wọn padà sínú àpò, mi ò tẹ nǹkan kan.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí a délé, mo tan fóònù. Ọ̀rọ̀ tó wọlé lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Mo jókòó, mo wò ó látòkè délẹ̀. Mẹ́ta péré ló kàn mí: oníbàárà kan ń béèrè aṣọ, ọmọ ìjọ wa kan bímọ, màámi ní kí n ra èlùbọ́ bọ̀. Mo jáde nínú ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án lójú ẹsẹ̀.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ aláró bínú sí mi. Wọ́n ní, "Ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó kì í lépa eku. Orílẹ̀-èdè ń gbóná, ìwọ ń wo ìràwọ̀." Ọ̀rọ̀ wọn kò burú, mo sì gbé e yẹ̀ wò tinútinú. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni mo fi wo iná yẹn lórí fóònù, mi ò pọn omi garawa kan lọ síbẹ̀. Bàbá tó ń gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, àwọn ló ń jókòó pẹ̀lú ìbọn lórí itan kí abúlé lè sùn. Láti oṣù Kejìlá yẹn ni mo ti ń dáwó fún àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò wa, ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀ wá fún láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí mo kàn máa ń rí tí mo sì ń yí i kọjá lọ wo òmíràn. Mò ń gbọ́ ìròyìn aago méje lórí rédíò. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, mi ò tari rẹ̀ sẹ́nikẹ́ni kí n tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọwọ́ mi tún ń yún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi wákàtí kan gbáko yí fóònù sókè-sódò kí n tó mọ̀.

Aṣọ náà ti yàtọ̀. Mo so òṣùbàḿbà kan tí mi ò tò ní ìlà. Mo jẹ́ kó ṣù jọ síbi tó wù ú, mo fi ibòmíràn sílẹ̀ láìso nǹkan kan, ó sì wá tẹ̀ síra bí alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Mi ò tíì tà á.

Ní oṣù Kìíní, iná lọ ní gbogbo Kẹ́mta lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo gbé àga síta fún màámi, mo da gèlè bò wọ́n léjìká nítorí ọyẹ́. Fóònù wọn mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Àníkẹ́, o ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Nígbà wo ni, Màámi?"

Wọ́n wo fóònù, wọ́n yí i síwá-sẹ́yìn. "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n kàn fi ránṣẹ́ ni." Wọ́n dojú rẹ̀ dé orí itan wọn, gbogbo àgbàlá sì ṣókùnkùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú wa tó mọ́ ọn lára. Wọ́n wá gbórí sókè.

"Èwo ni àbúrò mi ní ó jẹ́ ti ọdún òmìnira?"

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo fi ìka wọn tọ́ka sí i.